Bí Àtúnṣe Aago Àtijọ́ Kò Bá Tẹ́ Yín Lọ́rùn

Aago tó ti ọwọ́ oníṣẹ́ dé tí kò dáa máa ń dun ènìyàn ju èyí tó kú jẹ́ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ lọ. Èyí tó kú sínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ orí la ó dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èyí tí a náwó lé lórí, tí a tìtorí rẹ̀ lọ tí a tìtorí rẹ̀ bọ̀, tí wọ́n fi "ẹ lọ fọkàn balẹ̀, ó ti dáa" lé wa lọ́wọ́, tó wá di ọjọ́ kejì tó ti fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú aago rédíò, ènìyàn la máa ń fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni náà jẹ̀bi lóòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sóhun tó ṣe aago. Àwa la ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tó bá lọ jà kó tó mọ èyí tó jẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kódà bó bá jàre.

Seiko 5 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ló pọ̀ nínú ẹrù tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀. Jàpáànù ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1963. Nǹkan márùn-ún ni orúkọ rẹ̀ dúró fún: ó ń yí ara rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń mì, orúkọ ọjọ́ àti déètì wà nínú fèrèsé kan ṣoṣo, omi kì í tètè wọ̀ ọ́, bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá sẹ́yìn síbi aago mẹ́rin, ilé rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá ní Omega tàbí Tissot ayé ọjọ́un lè tẹ̀lé ìlànà kan náà, àfi níbi tí mo bá ti ya Seiko sọ́tọ̀.

Ṣé aago ló ṣàìsàn lóòótọ́?

Àwọn ẹ̀sùn kan wà tí oníṣẹ́ tó gbọ́n kì í tilẹ̀ dáhùn, ẹ̀rín ló máa rín. Àkọ́kọ́ ni "mo yí i títí, kò yí." Ẹ̀rọ 7009 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Seiko 5 àtijọ́, àti 7S26 tó rọ́pò irú rẹ̀ ní 1996, kì í fi bọ́tìnnì yí. Ẹ lè yí bọ́tìnnì náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, agbára kankan ò ní wọ inú sípíríǹgì rẹ̀. Mímì lọ́wọ́ ló ń gbà. Ẹ fi ọwọ́ mì ín síwá-sẹ́yìn fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ wá wọ̀ ọ́. Bó bá ti gbà dáadáa, ó lè lo nǹkan bíi wákàtí 40 lórí tábìlì kó tó dúró. Ẹni tó bá wọ tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú tó wá bá a lókùú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò ní ẹ̀sùn kankan láti fi kan ẹnikẹ́ni. Bákan náà, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yìí kì í dúró tí a bá fa bọ́tìnnì jáde. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Èkejì ni fèrèsé ọjọ́. Àwo ọjọ́ Seiko 5 máa ń gbé èdè méjì, òmíràn Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá, òmíràn Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì. Bí ẹ bá rí Lárúbáwá lójijì, ẹ má pariwo pé wọ́n ti pààrọ̀ àwo yín. Ẹ fa bọ́tìnnì jáde sí ipò kìíní, kí ẹ yí i sí apá tó ń sún ọjọ́. Gẹ̀ẹ́sì máa yọjú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Lárúbáwá ló wà níbẹ̀ láti ayé bàbá yín, tó wá di pé Sípáníìṣì lẹ ń rí, a jẹ́ pé ẹnìkan ti tọwọ́ bọ inú aago yẹn, ìyẹn sì lọ́rọ̀ nínú.

Bí déètì bá ń yí ní ọ̀sán gangan, wákàtí méjìlá ni wọ́n fi sì í sẹ́yìn. Ẹ yí ọwọ́ aago síwájú kọjá méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Bó bá ń yí ní aago mẹ́ta òru, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: oníṣẹ́ ló fi ọwọ́ aago lé e láìkọ́kọ́ wá ibi tí déètì ti ń fò. Àtúnṣe kékeré ni, kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ rántí bóyá ẹ̀yin náà ti fi ọwọ́ kíá sún déètì láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí. Láàárín àsìkò yẹn, eyín kẹ̀kẹ́ déètì ti kọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fipá sún un lè ká eyín náà.

Ìwé kékeré kan àti bírò

Bó bá dá yín lójú pé àìsàn wà níbẹ̀, ẹ má tíì padà lọ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹ fi aago fóònù yín ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ to aago yín mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, ẹ wo iye tó fi yá tàbí tó fi pẹ́, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má tún un tò láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń tún un tò lójoojúmọ́ ń nu ẹ̀rí ara rẹ̀ nù. Ẹ tún kọ ibi tó sùn sí: ṣé ojú ló kọ sókè lórí tábìlì, àbí ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀. Bí aago bá ń fi ìṣẹ́jú kan yá ní ọwọ́ tó sì ń fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ lórí tábìlì, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa rí nǹkan dì mú nínú ìwé yẹn ju àròyé wákàtí kan lọ.

Kí ló wá yẹ kí ènìyàn máa retí? Sẹ́kọ́ǹdù 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, aago àtijọ́ kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ délẹ̀ láìṣìnà. Àwọn COSC tí wọ́n ń dán aago wò ní Switzerland láti 1973 kì í fọwọ́ sí èyí tó bá fi ju sẹ́kọ́ǹdù mẹ́fà lọ yá tàbí ju mẹ́rin lọ pẹ́ lójúmọ́, aago tuntun tó gbówó lórí sì nìyẹn. Seiko fúnra rẹ̀, fún ẹ̀rọ 4R36 tó ń ṣe lóde òní, ohun tó kọ sínú ìwé ìlò ni pé ó lè fi 45 yá tàbí 35 pẹ́ lójúmọ́. Nítorí náà, bí aago tó ti lo ogójì ọdún bá ń fi ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdù yá, ẹ kí oníṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Bó bá ń fi ìṣẹ́jú méjì yá tàbí pẹ́ lójúmọ́ lẹ́yìn tí ẹ san owó títú, fífọ̀ àti fífi òróró sí, ẹ̀sùn wà níbẹ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ wo ohun tí ẹ sanwó fún. "Ẹ bá mi jẹ́ kó ṣiṣẹ́" yàtọ̀ sí "ẹ bá mi tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi òróró sí i, kí ẹ tò ó." Oníṣẹ́ abẹ́ àgbòjò tó gba owó díẹ̀ tó sì kán òróró sí ojú ibi méjì kan tí aago fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe. Iṣẹ́ yẹn ò lè pẹ́ lóòótọ́, nítorí òróró tuntun lórí ìdọ̀tí àtijọ́ kì í pẹ́ tó fi ń di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè pè é ní olè.

Ohun tí àìsàn kọ̀ọ̀kan ń wí

Ẹ ò nílò láti di oníṣẹ́ aago. Ẹ kàn nílò láti mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í.

Kí aago máa yá gan-an, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni mo rò pé ó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn àtúnṣe tí kò dáa. Inú ẹ̀rọ aago ni kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní báláǹsì. Nínú Seiko 7009, ìgbà 21,600 ló ń lù ní wákàtí kan, ìyẹn mẹ́fà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Sípíríǹgì kan tó tín-ín-rín bí irun orí, tó ká bí ìkarahun ìgbín, ló ń dá kẹ̀kẹ́ náà padà. Bí ìká méjì lára sípíríǹgì yìí bá lẹ̀ mọ́ra, ó di pé sípíríǹgì náà kúrú. Bó bá ti kúrú, ìlù á máa sáré. Ohun tó sì ń mú un lẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: òróró tó ta sí i, ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń tú u, tàbí mágínẹ́ẹ̀tì.

Ti mágínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ó lè má jẹ́ ẹ̀bi oníṣẹ́ rárá. Sípíkà, ẹnu báàgì obìnrin, àpò fóònù tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pa ara rẹ̀ dé, gbogbo wọn ló lè ṣe é. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì orí fóònù, kí ẹ rọra gbé aago sún mọ́ ọn, kí ẹ máa yí i lórí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì bá ń fì tẹ̀lé aago gidi gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Irin ilé aago náà lè sún abẹ́rẹ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi èyí ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré tó ń lé mágínẹ́ẹ̀tì jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Bí wọ́n bá lé e tán tí aago ṣì ń sáré, a jẹ́ pé òróró tàbí ọwọ́ ni, oníṣẹ́ ló sì ni méjèèjì.

Aago tó ń dúró ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ máa ń sọ òótọ́ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹ gbé e sí ọ̀gangan ojú, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín àwọn ọwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ wákàtí bá ń ha ọwọ́ ìṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá pàdé, tàbí tí ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdù ń kan gíláàsì, ibẹ̀ ló ti ń kú. Bó bá jẹ́ nítòsí ọ̀gànjọ́ òru ló ń dúró, ẹrù déètì ló wúwo jù fún un: agbára tó ń ti inú sípíríǹgì ńlá bọ̀ kò tó, nítorí pé wọn ò fọ̀ ọ́ dénú tàbí pé sípíríǹgì náà ti gbó tí wọn ò sì pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń rìn dáadáa lọ́wọ́ àmọ́ tí kì í di ilẹ̀ mọ́ bí ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀ lálẹ́, ibi tó ń yí ara rẹ̀ ni kí ẹ ní kó yẹ̀ wò. Èyí tí èéfín omi bò lábẹ́ gíláàsì lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn alùwàlá, rọ́bà ìdérí ẹ̀yìn ni: wọ́n dá ògbólógbòó padà síbẹ̀, tàbí kó ká nígbà tí wọ́n ń dé e. Ẹ má fi èyí falẹ̀ rárá. Ẹ bọ́ ọ, ẹ má tún wọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, nítorí ìpẹtà kì í dúró de ìjíròrò. Kódà aago tí wọ́n tún ṣe dáadáa, bó bá ti dàgbà, ẹ má fi wẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ dán an wò lójú yín pé omi ò wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1978 kò bá ti òní wí mọ́.

Bí oníṣẹ́ tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ní timegrapher, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìlù aago, ẹ ní kó gbé tiyín lé e níṣojú yín, ní ojú sókè, ojú sílẹ̀, àti bọ́tìnnì sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa hàn. Ti àkọ́kọ́ ni iye sẹ́kọ́ǹdù tó ń yá tàbí tó ń pẹ́. Èkejì ni bí báláǹsì ṣe ń yí jìnnà tó, ní dígírì; aago Switzerland tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú tó sì yó máa ń wà láàárín 270 sí 310, Seiko àtijọ́ lè rẹlẹ̀ sí i díẹ̀ kó sì dáa, ṣùgbọ́n èyí tí kò dé 200 lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn fọ̀ ọ́ kò tíì rí ìfọ̀ gidi. Ẹ̀kẹta ni bóyá "tì" àti "tà" rẹ̀ dọ́gba. Bí kò bá ju mìlísẹ́kọ́ǹdù kan lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: kí timegrapher tó lè ṣírò nọ́ńbà kejì, ó nílò igun kan tí ẹ̀rọ aago kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀; 52 dígírì ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 53 ni ti 7S26, Omega àtijọ́ kan sì wà tó jẹ́ 49. Bí oníṣẹ́ kò bá tò ó bó ṣe yẹ, nọ́ńbà kejì yẹn á parọ́.

Ọjọ́ orí ni àbí ọwọ́ ènìyàn?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń dá sílẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ojú aago tó ti pọ́n, ìpẹtà kékeré ní etí fèrèsé, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ti kú lórí ọwọ́ aago, ọjọ́ orí ló fà á. Bí oníṣẹ́ kò bá fọwọ́ kan ìwọ̀nyí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago tí wọ́n tún ojú rẹ̀ kùn máa ń dán, ẹni tó mọ aago kì í sì í fẹ́ ra á mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé aago tí wọ́n fi ẹ̀rọ dán títí gbogbo igun rẹ̀ fi di róbótó. Irin tó ti lọ kò tún padà wá. Nítorí náà, ẹ fi àwọn àṣìṣe sí ọ̀nà méjì: èyí tó ṣeé tún ṣe àti èyí tí kò ṣeé tún ṣe. Àìrìn dáadáa, rọ́bà, ọwọ́ tó ń ha ara wọn, gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe, sùúrù ló sì yẹ wọ́n. Ojú tí wọ́n kùn láìbéèrè, ilé tí wọ́n lọ, ẹ̀rọ inú tí wọ́n pààrọ̀, ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ owó.

Àmì ọwọ́ ènìyàn kò ṣòro rí. Ẹ fi awò asọǹkan-di-ńlá wo etí ìdérí ẹ̀yìn: bí ohun líle bá ti yọ̀ níbẹ̀ léraléra, ẹ máa rí ìlà tuntun tó ń tàn lórí irin tó ti ṣú. Ẹ wo abẹ́ gíláàsì: irun, eruku, ìka ọwọ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìkuukùu ní etí gíláàsì tàbí lórí ojú aago, tí kò sì gbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ superglue ni wọ́n fi lẹ gíláàsì. Èéfín rẹ̀ ló lọ bà sórí ojú aago. Kò yẹ kí superglue sún mọ́ aago rárá. Nínú ẹ̀rọ, orí síkúrúù tó ti fá jẹ́ ẹ̀rí pé síkúrúdíráfà tí kò bá a mu ni wọ́n fi tú u. Ìka ọwọ́ lórí ẹ̀rọ náà kì í nù tán; òógùn ara máa ń jẹ irin.

Ti Seiko tún ní àyẹ̀wò kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn aago ni orúkọ ẹ̀rọ inú rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà wà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ojú aago, ó sì tún wà lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ní 7009, tí ojú ní 7009, tí inú wá ní nǹkan mìíràn, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n fi bí aago náà. Kó tó di pé ẹ lọ́ ọrùn ọ̀gá, ó lè jẹ́ pé láyé bàbá yín ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí fọ́tò inú aago, tí ẹ yà kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, fi níye lórí ju rìsíìtì lọ. Nọ́ńbà ìsàmì tó wà lẹ́yìn náà tún máa ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: ti àkọ́kọ́ ni òpin ọdún, èkejì ni oṣù. 73 lè jẹ́ oṣù kẹta 1977 tàbí 1987. Irú ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló máa yanjú èyí tó jẹ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ

Bí nǹkan bá bàjẹ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni kí a gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ kejì bá ti ṣí aago yẹn, ọwọ́ àkọ́kọ́ ti bọ́ nínú ẹjọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa sọ, "Ta ló tún fọwọ́ kàn án?", ẹ ò sì ní rí èsì fún un. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, pẹ̀lú ìwé yín, fọ́tò yín àti rìsíìtì tàbí ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ jọ sọ nípa owó àti iṣẹ́.

Ẹ lọ ní ìyálẹ̀ta, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀ nídìí àpótí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dójú tì níwájú oníbàárà kì í gba àṣìṣe rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbèjà. Àgbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà ìkíni kì í ṣe àṣerégèé. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Aago bàbá mi tí ẹ bá mi tú lóṣù tó kọjá ni mo gbé wá. Mo ti ń kọ bó ṣe ń rìn sílẹ̀: ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ kì í yá kí n tó gbé e wá, ńṣe ló ń dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, màá jókòó tì yín." Bó bá béèrè ta ló tún fọwọ́ kàn án: "Kò sẹ́ni tó ṣí i, Bàbá. Fọ́tò rẹ̀ rèé, ọjọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ yín ni mo yà á."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ẹ ti bà á jẹ́" nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí aago ń ṣe lẹ sọ, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí. Ẹ jókòó tì í lóòótọ́, kí ẹ má fi aago sílẹ̀ bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò ju ìdajì wákàtí lọ. Bó bá ní kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn níṣojú rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà wá.

Ìgbà kan wà tí n kò ní sọ pé kí ẹ dá aago padà sọ́wọ́ rẹ̀, àní láti fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀: bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yà aago yín ti di ti ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ rí superglue, tàbí tó sọ fún yín pé òun máa "kùn ún kó lè dán." Ọwọ́ tó ṣe irú ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ohun tó kù ló tún máa bà jẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀ láti sọ̀rọ̀ owó àti láti gba ẹ̀yà yín, kí aago wà nínú àpò yín.

Bó bá sì jẹ́ aago tó dàgbà ju Seiko 5 lọ, ti ìgbà tí àwọ̀ tó ń tàn lókùnkùn ṣì jẹ́ rédíọ́ọ̀mù, ìyẹn títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha àwọ̀ yẹn kúrò nítorí yín. Kò ní tàn mọ́, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: 1,600 ọdún ni rédíọ́ọ̀mù fi ń dín sí ìdajì. Eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró oníṣẹ́, kò sì dáa fún tiyín.

Kí lẹ fẹ́ gbà?

Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni àkọ́kọ́, òun ló sì yẹ kó tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn. Kó dá apá kan owó padà ni èkejì, pàápàá bí ẹ ò bá fẹ́ kó tún fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta ni kó dá ẹ̀yà tó yọ padà. Bó ti wù kí ẹ̀yà náà gbó tó, ti yín ni. Ojú Seiko tó ti pọ́n tí ọ̀gá ní òun ti jù nù, ẹnìkan ń wá a kiri láti rà. Iye tí aago náà jẹ́ lọ́kàn yín, nítorí pé ọwọ́ bàbá yín ló wà, kò sẹ́ni tó lè san án. Ẹ má gbé e wọ inú ìdúnàádúrà.

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ kì í ṣe alágbe. Òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kó ṣe é bí àwọn ènìyàn ṣe ń retí pé kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, kó sì dá ohun ìní oníbàárà padà ní ipò tí kò burú ju bó ṣe gbà á lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kó tún àléébù náà ṣe tàbí kó dá iye owó tó bójú mu padà. Àjọ FCCPC, tó ń rí sí òfin náà, ni ẹ lè kọ̀wé sí. Ní ti ilé ẹjọ́, ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù Small Claims sílẹ̀ ní 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó náà kí ẹ tó lè pẹjọ́. Owó tí iye rẹ̀ dájú ni kóòtù náà ń gbọ́. "Ó ba aago mi jẹ́" kò dájú tó. Àmọ́ bí oníṣẹ́ bá fi WhatsApp kọ ọ́ pé "màá dá 25,000 náírà padà fún yín lópin oṣù," iye ti dájú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ máa sapá kí àdéhùn owó wà ní kíkọ, kódà bí ẹ ò bá ní in lọ́kàn láti lọ sí kóòtù kankan.

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester ní òfin Consumer Rights Act ti 2015, tó ní kí oníṣẹ́ fi ọgbọ́n àti ìtọ́jú tó yẹ ṣiṣẹ́; ẹ lè ní kó tún un ṣe, bí ìyẹn kò bá sì ṣeé ṣe, kó dín owó kù. Ní England àti Wales, ẹjọ́ owó kékeré gba títí dé £10,000. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi aago ránṣẹ́ wá sílé láti ibẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe ní owó pọ́ọ́kú. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé òfin ibi tí wọ́n ti tún un ṣe ni wọ́n máa bá pàdé.

Ọwọ́ kejì

Bí ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ bá ti parí, ní rere tàbí ní búburú, tí ẹ wá fẹ́ gbé aago fún ẹlòmíràn, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àwọn kan máa ń fi pamọ́ pé ẹnìkan ti tú u rí, nítorí kí owó má baà pọ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa rí i ní kété tó bá ṣí i. Ó sì dáa kó mọ̀ ṣáájú, torí síkúrúù kan tó ti fá lè gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé ọ̀sẹ̀ kan yẹn pẹ̀lú.

Ẹ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi aago sílẹ̀. Ẹni tó bá bo ẹ̀rọ tó tú sílẹ̀ mọ́lẹ̀ kí eruku má baà bà á, tó ní òróró ju irú kan lọ nítorí pé ibi tó ń yára àti ibi tó ń lọ́ra kì í lo ọ̀kan náà, tó sì lè sọ fún yín pé "mi ò ní ẹ̀yà eléyìí," ẹni tí mo lè gbé tèmi fún nìyẹn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń tẹ́tí sí jù. Ẹni tó ní ẹ̀yà gbogbo aago, ara aago ẹlòmíràn ló ti ń yọ ọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwọ̀nyí sí ìwé kan, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀: nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aago, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, pé kò ní kun ojú rẹ̀, kò ní lọ ilé rẹ̀, pé gbogbo ẹ̀yà tó bá yọ máa padà sọ́wọ́ yín nínú ọ̀rá, iye owó, ọjọ́ tí ẹ máa gbà á, àti iye oṣù tó máa fi dúró lórí iṣẹ́ rẹ̀ bí aago bá tún dúró. Ẹ fi oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní mẹ́ta, ẹ gbà.